Ohun tí mo máa ń wò lára àgbàlagbà tí mo bá fura pé wọ́n ń fi ìyà jẹ

Àbúrò wa kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ béèrè ohun tí òun lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù òun, tí ojú àpá wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń sọ pé ṣe ni Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé kí òun bá ọmọ náà wí lójú gbogbo ènìyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin àti ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo kà nínú ìwé nìkan. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì bá a wí. Ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ dá wà pẹ̀lú yín, kí ẹ wo gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò lè gbà á sílẹ̀, kí ẹ tó la ẹnu bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn ọwọ́ yẹn. Arúgbó tí ó bá ṣubú ní balùwẹ̀ sábà máa ń fi ìgúnpá, orúnkún, ìbàdí tàbí iwájú orí gbá ilẹ̀, ó sì lè kán ní egungun itan tàbí ti ọwọ́. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kì í dá àpá yípo ọrùn ọwọ́ méjèèjì bákan náà. Okùn, aṣọ tí a fi di ènìyàn tàbí ọwọ́ tí ó gbá ènìyàn mú pinpin ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí kan ní California gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn tó 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn olùwádìí náà ń yẹ ara wọn wò lójoojúmọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ máa ń kú sí lára àgbàlagbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà án. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 90 nínú 100 irú àpá bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọn kò sì rí ọ̀kankan ní ọrùn, ní etí, ní ìdí tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí ní ẹ̀yìn etí, ní ọrùn tàbí ní ìdí, mo máa ń dá iṣẹ́ yòókù dúró, kí n tún un wò dáadáa. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé àwọ̀ àpá kò lè sọ iye ọjọ́ tí ó ti wà níbẹ̀ fún ni, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú fáìlì pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nítorí pé ó ti di pupa rúsúrúsú.

Síbẹ̀, ẹ má kánjú. Awọ ara arúgbó fẹ́lẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ, ẹni tí ó bá sì ń lo warfarin tàbí aspirin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, lè ní àpá dúdú ní apá nítorí pé ó kàn fi ara gbá ilẹ̀kùn. Ẹ béèrè oògùn tí ó ń lò. Ẹ tún béèrè, bí ó tilẹ̀ lè tì wá lójú, bóyá àwa gan-an ni a so ó, nítorí pé mo ti rí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti fi báńdéèjì so àgbàlagbà mọ́ irin ibùsùn ní òru nítorí pé ó ń fa omi tí a fi sí i lára yọ. Ìyà tí nọ́ọ̀sì fi jẹ àgbàlagbà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi jẹ ẹ́ nílé.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí, nínà kọ́ ni ó pọ̀ jù, ìpatì ni. Wọn yóò gbé Bàbá wá nítorí ibà, ẹ ó yí i padà láti wẹ̀ fún un, ẹ ó sì bá egbò ní bèbè ìdí rẹ̀, èyí tí ìdùbúlẹ̀ sójú kan dá sí i, tí ó ti jìn dé egungun. Irú egbò bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ lára ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kì í sábà jìn dé egungun bí ẹnikẹ́ni bá ń wẹ̀ fún un tí ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ pẹ̀lú, àti ìbàdí méjèèjì. Ẹ wo èékánná ẹsẹ̀. Ẹ wo ahọ́n bóyá ó gbẹ, nítorí pé fífún awọ láti mọ̀ bóyá omi ti tán lára, bí wọ́n ṣe kọ́ wa fún àwọn ọmọdé, kò ṣeé gbára lé fún arúgbó tí awọ rẹ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀. Káàdì ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti ọdún tó kọjá máa ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an, nítorí pé bí wọ́n ṣe wúwo tó nígbà náà wà níbẹ̀, kò sì sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni lè fi bo ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjì mọ́lẹ̀. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń jẹun ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ ìyá kan tí ó máa ń fi ìdajì búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ní gbogbo òwúrọ̀, títí ó fi dá a lójú pé a óò tún gbé òmíràn wá.

Oògùn náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá sọ pé ojoojúmọ́ ni Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ìfúnpá rẹ̀ sì wà ní 200 lórí 120, ẹ ní kí ó mú sáṣẹ́ẹ̀tì náà wá, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rà á, kí ẹ sì ka iye tó kù. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: àgbàlagbà tí ó ń sùn tọ̀sán-tòru, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, nítorí pé ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ ń fún un ní Valium, oògùn tí ń mú ni sùn, kí ilé lè rọlẹ̀. Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ìdájọ́. Àìní kì í ṣe ìwà ìkà. Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ, tí ó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba, tí kò rí owó oògùn rà, tí ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀ lóru, kò sí ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gbé mọ́tò wá tí kò sì mọ orúkọ oògùn kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ń lò. Ẹni àkọ́kọ́ nílò ìrànwọ́, ẹni kejì nílò ìbéèrè.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti àwọn ìyá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Àgbàlagbà tí ó bá ń ṣarán lè dìde lóru, kí ó máa pe orúkọ àwọn tó ti kú, kí ó jáde sí títì láìwọṣọ, kí ó sì gbà pé lóòótọ́ ni òun ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá bi í. Bí ìyípadà náà bá sì dé lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àrán kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, àìsàn mìíràn ni: ibà, àrùn nínú ìtọ̀, òtútù àyà, àìtó omi lára tàbí oògùn tuntun. Wọ́n gbé ìyá kan wá bá wa láti ilé àdúrà kan lójú ọ̀nà Ìdànrè, tí wọ́n ti ní kí ó máa gbààwẹ̀ kí ó lè jẹ́wọ́. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń lo Daonil, oògùn tí ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo Daonil tí kò sì jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ arúgbó. Yóò máa làágùn, yóò máa sọ ìsọkúsọ, yóò sì máa bínú láìnídìí. Òwúrọ̀ ni ó máa ń ṣe é jù, lẹ́yìn òru tí kò jẹ nǹkan kan. Ìsọkúsọ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìjẹ́wọ́. A wọn ṣúgà rẹ̀, a fún un ní omi ṣúgà láti inú iṣan, kí ó sì tó pẹ́ ó ń béèrè ẹni tí ó mú gèlè òun. Abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ẹbí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti fi nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà hàn wọ́n, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà gbọ́.

Ní ti bí ẹ ó ṣe rí Màmá bá sọ̀rọ̀ láìsí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wẹ̀ fún un, kò sì sí ọmọkùnrin tí yóò ní òun fẹ́ dúró. Fún bàbá, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n. Ohun kan wà tí àwọn tí wọ́n wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn kì í rántí: Yorùbá tí a ń kọ nínú ìwé kọ́ ni ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa. Ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́, ti Oǹdó, ti Ìkálẹ̀, ti Ọ̀wọ̀ tàbí ti Àkókó ni wọ́n ń sọ. Bí ọmọ tí ẹ ń fura sí bá ni ó ń ṣe ògbufọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni ẹ ń gbọ́. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tí ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí ó gbọ́ èdè náà, tí kò sì bá wọn tan.

Àwọn dókítà kan ní Montréal ní orílẹ̀-èdè Kánádà gbé ìbéèrè mẹ́fà kan jáde ní ọdún 2008, tí wọ́n ń pè ní EASI. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni a ń bi àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, ìkẹfà sì jẹ́ ohun tí dókítà fúnra rẹ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 12 tó kọjá ni wọ́n ń béèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kàn ń wádìí ẹni tí àgbàlagbà náà gbára lé fún wíwẹ̀, oúnjẹ tàbí lílọ sí báńkì. Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí á fura. Bí mo ṣe máa ń bi wọ́n ní èdè tiwa nìyí: “Màmá, ta ni ó ń bá yín ra nǹkan, tí ó ń bá yín gba owó?” “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tí kì í jẹ́ kí ẹ rí oúnjẹ, oògùn tàbí ẹni tí ẹ fẹ́ rí?” “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ sí yín tí ó ń dójú tì yín, tàbí tí ó ń dẹ́rù bà yín?” “Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ kò fẹ́ tẹ̀ka sí rí?” “Ṣé ẹnì kan ti fi ọwọ́ kàn yín bí ẹ kò ṣe fẹ́, tàbí kí ó pa yín lára?” Mo máa ń béèrè wọn bí mo ṣe ń fi ọṣẹ fọ ẹ̀yìn wọn, n kì í mú bírò lọ́wọ́ ní àkókò yẹn.

Ẹ má retí pé wọn yóò dáhùn tààrà. “Ọlọ́run ló mọ̀” ni ìdáhùn tí mo gbọ́ jù lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń dákẹ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Ìyá Yorùbá gbà pé bí òun bá fi omijé ráhùn ọmọ òun, ó lè di èpè lé ọmọ náà lórí, kò sì fẹ́ èyí fún ọmọ tí òun bí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ń lù ú. Òmíràn ń ro ti ìsìnkú: bí mo bá fi í sùn, ta ni yóò sin mí? Òmíràn yóò sì pa á lówe fún yín pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ má bá wọn jiyàn. Mo máa ń sọ pé, “Màmá, a ò ní kí ẹ fi ọmọ yín sùn, a fẹ́ kí ara yín yá ni, ẹ sọ fún mi ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó máa tọ́jú yín.” Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tí wọ́n bá dá yìí ni ojútùú náà, ọmọbìnrin wọn tí ó wà ní ilé ọkọ ní Ọ̀rẹ̀ tàbí àbúrò wọn tí ẹnikẹ́ni kò pè láti ọjọ́ yìí. Bí orí wọn bá pé, tí wọ́n sì ní ilé yẹn náà ni àwọn fẹ́ padà sí, ọ̀rọ̀ wọn ni yóò ṣẹ. Iṣẹ́ tiwa ni láti rí i pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè pè.

Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Ẹ má kọ pé “ọmọ rẹ̀ ń lù ú.” Ẹ kọ pé: àpá kan yípo ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 2, irú rẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ òsì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ pé ó ṣubú ní balùwẹ̀, aláìsàn sọ pé, “Wọ́n so mí kí n má baà jáde.” Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an, kódà bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka èdè. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ara ènìyàn sínú fáìlì, kí ẹ sàmì sí ibi tí àpá wà. Ẹ má fi fóònù ara yín ya fọ́tò rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́nu ọ̀gá yín, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí ó dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ohunkóhun mọ́, tí ó jẹ́ pé ìwé nọ́ọ̀sì alẹ́ kan ni agbẹjọ́rò ń kà.

Ní ti bíbáwí, ìdí tí mo fi ní kí ẹ dúró nìyí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan pariwo lé ọmọkùnrin kan lórí nínú wọ́ọ̀dù, ó pè é ní aláìmoore lójú gbogbo àlejò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọkùnrin náà ti buwọ́ lùwé pé òun ń gbé ìyá òun lọ sílé láìka ìmọ̀ràn dókítà sí. Àdírẹ́sì tí ó wà lórí káàdì kì í ṣe ti wọn. A kò rí ìyá náà mọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kò sọ irọ́ kankan, ṣùgbọ́n Màmá ni ó jìyà òtítọ́ náà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ní òfin tí ó pọn dandan fún nọ́ọ̀sì láti fi irú ọ̀rọ̀ yìí tó ìjọba létí, wọ́n sì ní ọ́fíìsì tí ó wà fún ààbò àgbàlagbà, tí wọ́n lè pè lórí fóònù. Tiwa gba ọ̀nà tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún mátrọ́ọ̀nù àti dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ilé ìwòsàn yín. Dókítà lè sún ọjọ́ tí wọn yóò dá Màmá sílẹ̀ síwájú, nítorí egbò tàbí nítorí oúnjẹ, àwọn ọjọ́ yẹn ni ẹ ó sì fi wá ẹbí. Bí ẹ̀rù bá wà pé wọ́n lè pa á lára, ọ̀rọ̀ náà ti di ti ọlọ́pàá, kí ilé ìwòsàn ni ó lọ fi í sùn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021, wà fún irú nǹkan báyìí. Òfin ọdún 2015 yẹn ka pípa ẹni tí ó gbára lé ni tì láìfún un ní oúnjẹ, fífi owó ni ènìyàn lára àti yíya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ mọ́ ìwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́, olórí ẹbí àti ìyá ìjọ ti bá mi yanjú ọ̀rọ̀ ju àgọ́ ọlọ́pàá lọ, nítorí pé ìtìjú lójú ará ilé ni ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ka náà nìyí, kúkúrú ni: wọn yóò gbé íńkì wá bá yín ní wọ́ọ̀dù. Ó lè jẹ́ nítorí oko kòkó, ilé tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹ má di ọwọ́ Bàbá mú fún wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọ́n wá.

Ní ti àpá ọrùn ọwọ́ méjèèjì, mo ti bá irú rẹ̀ pàdé. Ìyàwó ọmọ ni ó ń so ìyá náà. Ìyá ń ṣarán, ó ti jáde lóru débi tí mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ní Oyèmẹ́kùn, obìnrin náà sì ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ kì í sùn nílé. Ó ń sunkún bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Síso yẹn kò tọ́, mo sì sọ fún un pé bí ìyá náà bá ṣubú nígbà tí okùn wà lára rẹ̀, okùn náà lè fún un lọ́rùn pa. Lẹ́yìn náà ni a jọ sọ̀rọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ géètì, agogo kékeré lára ilẹ̀kùn, iná tí kò ní í kú lóru, kí Màmá máa rí oòrùn kí ó sì máa ṣe nǹkan lọ́sàn-án kí oorun lè kùn ún lálẹ́, àti ọmọ wo ni yóò máa gbà á ní ìparí ọ̀sẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ó gba ìpàdé ẹbí, ìjà sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi Màmá tiyín ní òwúrọ̀ ọ̀la, nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, pé ta ni ó ń bá a gbé ní òru. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó gbé e wá, kí ẹ pè é láti wọ́ọ̀dù kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń wọlé, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò gbé Màmá padà wá fún wíwo egbò, kí ọjọ́ náà má jìnnà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.